Lẹ́tà Onígi: Bí Lẹ́tà Ara Ògiri Ṣe Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù kejì ọdún 1843, wọ́n lẹ pósítà kan káàkiri ìlú Rochdale, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré sákọ́ọ̀sì ló ń kéde, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ni wọ́n fi eré sí. Pablo Fanque ló ni sákọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ọmọ ìlú Norwich ni, William Darby ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, aláwọ̀ dúdú sì ni. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó dá sákọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo pósítà yìí yóò rí i pé ìlà kan kì í bá ìlà kejì dọ́gba. Ọ̀kan sanra, ó dúdú kirikiri. Òmíràn ga, ó tín-ín-rín. Òmíràn kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ògiri kó tó lè kà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iṣẹ́ pósítà náà ti tán. Òjò àti pósítà tuntun ló yẹ kó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan yè bọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1967, John Lennon, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ ní Sevenoaks. Ó rà á, ó gbé e kọ́ sílé, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ṣe orin kan nínú àwo Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti padà dé báyìí. Wọ́n wà lára páálí ọtí, lára pósítà fíìmù, lára fìlà àti ẹ̀wù péńpé táwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀, títí dórí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Àwọn dísáínà ń rà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tò wọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí kọ́ ni pé àìní ló bí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí: ọjà tí wọ́n fẹ́ tà, àyè tó há lórí ìwé, òjé tó wúwo, owó tí kò sí. Kò sí ìrísí kan tí ojú wa ń gbádùn lára wọn lónìí tí kò ní ohun tó fà á nínú ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé.

Fún nǹkan bí 350 ọdún lẹ́yìn tí Gutenberg bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Mainz, nílẹ̀ Jámánì, ìwé kíkà ni wọ́n ń ṣe lẹ́tà fún. Wọ́n ń da òjé tí wọ́n pò mọ́ tánganran sínú ìdà kéékèèké, ohun tó sì ń jáde ni lẹ́tà tí èèyàn ń kà lórí itan tàbí lórí tábìlì. Ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yí padà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ ti pọ̀, ọjà ti pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ, oníkálukú sì ń wá ẹni tí yóò yà sọ́dọ̀ òun. Ilé eré ń ké. Ẹni tó ń ta oògùn ń ké. Ìjọba pàápàá ń ké, nítorí pé ó ní tẹ́tẹ́ lọ́tìrì tó ń ta fún ará ìlú títí di ọdún 1826. Ara ògiri ni gbogbo wọn ti ń ké, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá sì hàn láti òdìkejì títì, owó rẹ̀ ti wọgbẹ́.

Robert Thorne, tó ń da lẹ́tà ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn. Ó mú lẹ́tà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, ó fi ẹran bò ó, ó jẹ́ kí ibi tó nípọn wú, ó sì fi ibi tó tín-ín-rín sílẹ̀ bó ṣe wà. Láàárín ọdún 1815 sí 1817, Vincent Figgins gbé èyí tó pè ní Antique jáde. Ẹsẹ̀ kéékèèké tó máa ń wà ní ìpẹ̀kun lẹ́tà ló sọ di pátákó, tó nípọn tó ara lẹ́tà náà gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1816, William Caslon kẹrin gé ẹsẹ̀ náà dànù pátápátá. Lẹ́tà ńlá nìkan ló ṣe, ìwọ̀n kan ṣoṣo, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bìkítà fún un nígbà náà. Àtọmọdọ́mọ lẹ́tà náà ló kún ojú fóònù àti pátákó ojú títì lónìí.

Wọn kò jẹ́ kí ara wọn sinmi. Nígbà tí Robert Besley gbé lẹ́tà Clarendon jáde ní 1845, ó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1842 láti dáàbò bo iṣẹ́ ọnà. Ọdún mẹ́ta péré ni òfin náà fún un. Bí ọdún mẹ́ta ti pé báyìí, gbogbo àwọn tó ń da lẹ́tà ló ti ní Clarendon tiwọn.

Òjé ni ìṣòro wọn. Lẹ́tà tó bá ga ní ọ̀pọ̀ íǹṣì máa ń wúwo débi pé ìlà kan ṣoṣo lè kọjá agbára ẹni tó ń gbé e. Bí òjé gbígbóná bá ń tutù nínú ìdà ńlá, kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú lẹ́tà á tẹ̀ wọnú níbì kan, yíǹkì ò ní mú ibẹ̀. Ìwúwo ni wọ́n sì fi ń ta òjé, nítorí náà atẹ̀wé kékeré tó wà ní ìgbèríko kò lè ra àpótí lẹ́tà ńlá kan, ká má tíì sọ mẹ́wàá. Àwọn kan ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà sára igi fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù.

Ibi tí wọ́n ti já okùn yìí ni New York. Ní ọdún 1827, Darius Wells ṣe ẹ̀rọ kan tí ẹnu rẹ̀ ń yípo wìrìwìrì, tó ń kó ara igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kí lẹ́tà lè yọ sókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tẹ ìwé àpẹẹrẹ ọjà rẹ̀ jáde, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ òwò lẹ́tà onígi ní Amẹ́ríkà. Ní 1834, William Leavenworth so ẹ̀rọ náà pọ̀ mọ́ pantograph, ọ̀pá oríkèé tí apá kan rẹ̀ ń tọ etí àwòṣe tí apá kejì sì ń gbẹ́ ohun kan náà sára igi, ní ìwọ̀n tó bá wu oníṣẹ́. Láti orí àwòṣe kan ṣoṣo, wọ́n lè gbẹ́ lẹ́tà kékeré, lẹ́tà ńlá, èyí tó fẹ̀ àti èyí tó há.

Ó yẹ ká dúró wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Igi maple tó le ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ìbú ni wọ́n ń gé ìtì igi náà sí, wọn kì í là á ní gígùn bí káfíńtà ṣe ń la pákó, kó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n gé ni yíǹkì yóò máa bà. Ojú ibẹ̀ le, kì í fà ya, ó sì ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wọ́n á jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa, wọ́n á pọ́n ojú rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán, wọ́n á sì fi fánííṣì àti òróró pa á kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Gíga rẹ̀ láti ìdí dé ojú gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.918 íǹṣì géérégé, torí pé gíga lẹ́tà òjé nìyẹn ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ lè jókòó lórí ẹ̀rọ kan náà. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ńṣe ni atẹ̀wé máa ń gé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an nìyí. Atẹ̀wé máa ń to lẹ́tà sínú férémù onírin, ó sì gbọ́dọ̀ fi igi àti irin pẹlẹbẹ há ìlà kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní mì. Kí ìlà tó lè hàn láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́dọ̀ kún ìbú ìwé. Ọ̀rọ̀ oní lẹ́tà mẹ́ta ńkọ́? Lẹ́tà tó fẹ̀ ló máa wá. Orúkọ èèyàn tó gùn ńkọ́? Lẹ́tà tó há, tó ga bí ọ̀pẹ, ló máa fà yọ látinú àpótí. Nítorí náà, nígbà tí ojú wa bá rí irú lẹ́tà mẹ́wàá lórí pósítà kan tí a sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni, ìṣirò ni atẹ̀wé ń ṣe. Ó tún ń lo ohun tó ní: bí àpótí kan bá ní lẹ́tà E mẹ́ta péré tí ọ̀rọ̀ náà sì gba mẹ́rin, á yáa yí sí àpótí mìíràn. Ìdí nìyí tí pósítà àtijọ́ tó dára fi máa ń ní okun tí ọ̀pọ̀ àfarawé rẹ̀ kò ní.

William Page, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí ẹnì kan kò gbé e dé rí. Ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà aláwọ̀ púpọ̀ tó tẹ̀ ní 1874 ṣì ń ya àwọn atẹ̀wé lẹ́nu. Ó pín lẹ́tà kan sí igi méjì: ọ̀kan á tẹ àwọ̀ kìíní, èkejì á tẹ àwọ̀ kejì, ibi tí àwọ̀ méjèèjì bá ti gun ara wọn á sì mú ẹ̀kẹta jáde. Kí lẹ́tà tó lè yọ báyìí, igi méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu láìsí ìyàtọ̀ tó tó fífẹ̀ irun. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó wá gba ọjà náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́ kò tilẹ̀ wá láti ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. J. E. Hamilton ń gbé ní Two Rivers, ìlú kékeré kan létí adágún Michigan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní 1880, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú náà gba iṣẹ́ pósítà ijó kan, kò sì ní lẹ́tà tó tóbi tó, àkókò láti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlà-oòrùn kò sì sí. Hamilton jókòó sẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ó fi ayùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gé lẹ́tà láti ara igi holly pẹlẹbẹ, ó fi gúlù lẹ̀ wọ́n mọ́ pákó, ó sì kó wọn lọ. Lẹ́tà náà tẹ̀ dáadáa. Iye tó ń tà á kéré púpọ̀ sí ti àwọn tó ń gbẹ́ maple, kò sì pẹ́ tí àwọn atẹ̀wé ìgbèríko fi ń rọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ní 1891 ó ra ilé iṣẹ́ Page. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa wọlé, kò sí ẹni tó tó o mọ́ ní Amẹ́ríkà.

A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà yìí bíi pé sákọ́ọ̀sì àti ijó nìkan ni wọ́n kéde. Lẹ́tà sísanra yìí kan náà ni wọ́n fi tẹ ìwé ìkéde títa àwọn èèyàn wa lẹ́rú ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí orí ọkùnrin, obìnrin àtọmọdé wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹṣin àti àga. Àwọn tó ń bá oko ẹrú jà sì lo lẹ́tà kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1851, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òfin pé kí gbogbo ìlú máa dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀, wọ́n lẹ pósítà kan káàkiri Boston láti kìlọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n má bá ọlọ́pàá ìlú sọ̀rọ̀, torí pé àwọn ọlọ́pàá ti di apẹrú. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tó wà lókè rẹ̀ nípọn, ó sì dúdú, kí ẹni tó ń sáré kọjá má baà ṣàì rí i. Ní 1863, ní Philadelphia, pósítà ńlá mìíràn pe àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n wá gbé ìbọn. Orúkọ Frederick Douglass wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó ré kọjá òkun, nítorí náà ìtàn lẹ́tà wọ̀nyí kan ilé wa ju bí a ṣe lè rò lọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀nà ìtẹ̀wé mìíràn fi gba ipò. Lórí òkúta pẹlẹbẹ, ayàwòrán lè ya lẹ́tà bó bá ṣe wù ú láìsí férémù tó há a mọ́. Ọ̀nà yìí ni Jules Chéret fi sọ ògiri Paris di ọgbà àwòrán. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò àti ọ́fsẹ́ẹ̀tì dé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù da lẹ́tà onígi wọn sínú sítóòfù láti yáná nígbà òtútù. Ó dunni. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe ló di eérú lálẹ́ ọjọ́ kan.

Díẹ̀ ló kọ̀ tí kò kú. Ní Nashville, Hatch Show Print, tí àwọn ọmọ Hatch méjì dá sílẹ̀ ní 1879, ń fi lẹ́tà onígi tẹ pósítà fún àwọn olórin, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ní Baltimore, ilé iṣẹ́ Globe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, fi àwọ̀ tó ń tàn yòò sí ẹ̀yìn lẹ́tà dúdú, ó sì fi kéde James Brown àti ọ̀pọ̀ olórin aláwọ̀ dúdú láti ìlú dé ìlú. Lára òpó iná ni wọ́n máa ń so pósítà náà mọ́, ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré lè kà á. Nígbà tí Globe ń kógbá sílé, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà MICA ní ìlú yẹn kan náà ra ẹrù rẹ̀ ní 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi àwọn lẹ́tà náà ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó máa wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó fẹ́ràn lẹ́tà àtijọ́. Rob Roy Kelly ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Minneapolis ní àwọn ọdún 1950. Ó ń wá ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fọwọ́ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra lẹ́tà onígi lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé tó ń palẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń kó wọn jọ ló ń béèrè: ta ló gbẹ́ èyí? Lọ́dún wo? Kò rí ìwé kankan tó lè dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: American Wood Type jáde ní 1969, ó sì fún àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti ń dáná sun lórúkọ àti ìran. Yunifásítì Texas ní Austin ni lẹ́tà tó kó jọ wà báyìí. Two Rivers náà ní mùsíọ́mù tirẹ̀ láti 1999, níbi tí lẹ́tà onígi tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ wà.

Lórí ohun tí Kelly ṣe ni àwọn oníkọ̀ǹpútà dúró lé. Ní 1990, ilé iṣẹ́ Adobe gbé ọ̀wọ́ fọ́ǹtì kan jáde tí wọ́n yà láti ara lẹ́tà onígi, wọ́n sì fi orúkọ igi sọ wọ́n: Cottonwood, Ironwood, Juniper, Mesquite, Ponderosa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí pósítà fíìmù kọ́bọ̀ì tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó ti pàdé ọ̀kan nínú wọn. Tobias Frere-Jones, tó ń ya fọ́ǹtì, gba ojú ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ ìwé ìròyìn GQ lọ́dún 2000 mú un lọ sí ojú títì New York, níbi tó ti wo lẹ́tà tí wọ́n kàn mọ́ ara àwọn ilé àtijọ́, pàápàá èyí tó wà ní gáréèjì bọ́ọ̀sì Port Authority. Fọ́ǹtì Gotham ló ti ibẹ̀ jáde, òun sì ni Barack Obama fi polongo ìbò ní 2008.

Lára ọjà tó kún íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, àbùkù kan wà tó yẹ ká sọ síta. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ń tà bí ohun àtijọ́ ni wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà họ ara rẹ̀, tí wọ́n fọ́n eruku sí, kó lè dà bíi pé ó ti gbó. Atẹ̀wé àtijọ́ kò wá ìhọra yìí rárá. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń bá a jà: ìdí nìyẹn tó fi ń gé bébà sábẹ́ lẹ́tà, tó fi ń nu yíǹkì, tó fi ń yí ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí tí dúdú yóò fi dúdú. Àti pé lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo E tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà ló máa ní ojú àpá kan náà, níbi kan náà, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé lára igi. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń ya ẹ̀dà E méjì, mẹ́ta, kí fọ́ǹtì máa pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Àwọn tó tún mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń pa àpá tì, wọ́n á tọ ìrísí lẹ́tà lọ.

Tré Seals, ayafọ́ǹtì aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tọ ohun mìíràn lọ. Ó ń béèrè àwọn tó gbé lẹ́tà dání nígbà ìwọ́de, bíi ti àwọn akólẹ̀ Memphis.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, ní Memphis, òjò lé akólẹ̀ méjì, Echol Cole àti Robert Walker, wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ lójijì, ó sì tẹ àwọn méjèèjì pa. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, nǹkan bí 1,300 akólẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Clayborn Temple ni wọ́n ti ń kóra jọ. Àlùfáà ibẹ̀, Malcolm Blackburn, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tẹ páálí tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta: I AM A MAN. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, lórí ìlà méjì, lẹ́tà sísanra tí kò ní ẹsẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ AM. Fọ́tò tí Ernest Withers yà lọ́jọ́ yẹn, tí páálí funfun tò lọ bẹẹrẹ lójú títì, ti yí gbogbo ayé ká. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King, tó wá sí ìlú náà nítorí àwọn akólẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí, ìjọba ìlú sì gbà pé ẹgbẹ́ àwọn akólẹ̀ wà.

Seals wo àwọn páálí yẹn lẹ́tà lẹ́tà, ó sì ya fọ́ǹtì kan tó pè ní Martin. Àpilẹ̀kọ kan tí Cheryl D. Miller kọ ní 1987, lórí bí àwọn dísáínà aláwọ̀ dúdú ṣe ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ náà, wà lára ohun tó tì í débẹ̀. Ní 2016 ló dá Vocal Type sílẹ̀, fọ́ǹtì tó sì ń gbé jáde níbẹ̀ wá láti ara pósítà, páálí àti àsíá àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ti Bayard wá láti ara páálí ìwọ́de Washington ti 1963, tí Bayard Rustin ṣètò. Òmíràn ń jẹ́ Du Bois, ó wá láti ara àwọn àwòrán ìṣirò tí W. E. B. Du Bois àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Atlanta fi ọwọ́ yà fún àfihàn àgbáyé ti Paris ní 1900, láti fi hàn bí ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń lọ sókè lẹ́yìn oko ẹrú. Iná jó Clayborn Temple ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2025. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ ẹlòmíràn ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Èkó pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti wọ danfo rí mọ lẹ́tà sítíkà tó máa ń wà lára gíláàsì ẹ̀yìn àti lára ìlẹ̀kùn: orúkọ ọmọ, àdúrà, ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run, ìkìlọ̀ fún ọ̀tá. Àwọn tó ń gé e ní gáréèjì ni abẹ mọ́ lọ́wọ́. Abẹ yìí ló sì ń pinnu ìrísí lẹ́tà, torí pé ibi tó bá ti yí po ló ń fi ẹnu ṣóńṣó sílẹ̀. Seyi Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype mú lẹ́tà sítíkà wọ̀nyí, wọ́n sì fi ya fọ́ǹtì kan tó kún fún ọ̀ṣọ́, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ mú ṣóńṣó. Danfo ni orúkọ rẹ̀, ó wà lórí Google Fonts lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni láyé lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí àwọn agésítíkà fi ọwọ́ dá, tí ẹnì kan kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ rí, ti wọ ibi tí Clarendon àti Gotham wà.

Ìṣòro kan ṣì wà tí kò kan àwọn ará Two Rivers, tó sì kan wa gidigidi. Ó kéré tán, àti ìgbà tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni ìtẹ̀wé ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà sísanra kọ Yorùbá lónìí máa ń bọ́ sínú wàhálà. Lẹ́tà ara ògiri ni wọ́n yà kó kún ìlà láti òkè délẹ̀. Kò sí àyè lórí fún àmì ohùn, kò sì sí àyè nísàlẹ̀ fún àmì abẹ́ lẹ́tà. Inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Àmì òkè ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì kò bá ṣètò ibi ìso náà, àmì á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ wo pósítà fíìmù àti ti ìsọjí tó wà lójú títì Ìbàdàn: ọ̀pọ̀ dísáínà ti yọ àmì dànù pátápátá, nítorí fọ́ǹtì tó wù wọ́n kò gbà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ra fọ́ǹtì fún iṣẹ́ Yorùbá, kó kọ́kọ́ tẹ Ẹ̀, Ọ́ àti Ṣ sójú àpẹẹrẹ rẹ̀, kó sì tún tẹ wọ́n ní ìlà méjì tó gun ara wọn.

Ọ̀nà àbáyọ kan ti wà nínú ìwé tiwa tipẹ́. Dípò kí àwọn atẹ̀wé kan fi tóótó sí abẹ́ lẹ́tà, ìlà kúkúrú tó dúró gbọnrangandan ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ìlà yẹn bá lẹ́tà onígi mu ju tóótó lọ. A lè jẹ́ kó nípọn tó ẹsẹ̀ lẹ́tà Figgins, kó so mọ́ ìdí Ọ tààrà láìsí àlàfo, kó sì wọ inú ìlà láìgba àyè púpọ̀. Àmì ohùn tó wà lókè ló máa gba làákàyè jù, pàápàá lórí Ọ̀ tó ti ga kan àjà. Níbẹ̀, ayàwòrán lẹ́tà á ní láti rẹ orí lẹ́tà náà sílẹ̀ díẹ̀, bí àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ṣe máa ń gé ara lẹ́tà kan kí èkejì lè jókòó.